Ibi Tí SSL Ń Parí Sí: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Apínṣẹ́ Lẹ́nu Ọ̀nà Sáfà

Wẹ́bsáìtì tí èrò rẹ̀ pọ̀ kì í gbé orí sáfà kan ṣoṣo. Sáfà mẹ́ta, mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún ló máa ń wà lẹ́yìn, tí ẹ̀rọ kan á sì dúró lójú ọ̀nà láti máa pín ìbéèrè àwọn èrò fún wọn. Ẹ̀rọ yìí ni load balancer, apínṣẹ́. Òun ni ará ìta ń rí. Àwọn sáfà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í sábà ní àdírẹ́sì tí èèyàn lè kàn sí tààrà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ láti orí fóònù oníbàárà bá sì wà nínú kóòdù SSL, tí ará ọ̀nà kò lè kà, ìbéèrè kan wà tí ẹni tó ń ṣètò apínṣẹ́ náà kò lè yẹ̀ sílẹ̀: níbo ni kí wọ́n ti tú kóòdù náà? Ṣé lọ́dọ̀ apínṣẹ́ ni, ṣé lọ́dọ̀ sáfà ni, tàbí níbi méjèèjì? Ìdáhùn rẹ̀ ló ń pinnu ẹni tó lè ka ọ̀rọ̀ aṣínà àti nọ́ńbà káàdì àwọn èèyàn, ibi tí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ yóò máa gbé, àti ohun tí sáfà yóò mọ̀ nípa ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà ló ń kọ́ni ní ìlà tí a ó tẹ̀ láì dé orí ìbéèrè yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀.

Ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà ló bí SSL. Ẹ̀dà 2.0 dé ọwọ́ aráyé ní 1995, ẹ̀dà 3.0 tẹ̀ lé e ní 1996. Nígbà tí IETF, ẹgbẹ́ tó ń kọ ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì, gba iṣẹ́ náà, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí TLS: 1.0 jáde ní 1999, 1.1 ní 2006, 1.2 ní 2008, 1.3 ní oṣù kẹjọ 2018. SSL gan-an ti kógbá sílé. Àbùkù kan tí wọ́n pè ní POODLE tú àṣírí ẹ̀dà 3.0 ní oṣù kẹwàá 2014, IETF sì fòfin dè é ní 2015. Ní 2021 wọ́n fòfin de TLS 1.0 àti 1.1 pẹ̀lú. Orúkọ àtijọ́ ló ṣì wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, ṣùgbọ́n TLS 1.2 àti 1.3 ló ń ṣiṣẹ́ lóde òní.

Bí apínṣẹ́ ṣe ń rí nǹkan sí ló ń sọ ohun tó lè ṣe sí SSL. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpele kẹrin nínú àwọn ìpele tí wọ́n pín iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí kò mọ̀ ju àdírẹ́sì IP àti nọ́ńbà pọ́ọ̀tù lọ. Ó kàn ń darí pákẹ́ẹ̀tì síbi tó yẹ ni. Irú rẹ̀ ni LVS, tí Wensong Zhang bẹ̀rẹ̀ ní 1998, tó sì ti wọ inú Linux fúnra rẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpele keje ń ka HTTP: ó ń wo ojú-ewé tí èrò béèrè, kúkì tó gbé wá àti orúkọ wẹ́bsáìtì tó pè, ó sì lè tìtorí èyíkéyìí nínú wọn yan sáfà tí yóò dá a lóhùn. HAProxy, iṣẹ́ ọwọ́ Willy Tarreau ará Faransé, tó jáde ní 2001, lè ṣe méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni NGINX, tí Igor Sysoev gbé jáde ní 2004, láti ìgbà tí wọ́n ti fi ẹ̀yà tó ń jẹ́ stream kún un ní 2015. Títú SSL kì í ṣe àbímọ́ fún HAProxy. Títí di oṣù kẹfà 2014 tí ẹ̀dà 1.5 jáde, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti gbé ètò mìíràn bíi stunnel síwájú rẹ̀.

Network Load Balancer tí Amazon gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án 2017 dúró ságbede-méjì. Ìpele kẹrin ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní 2019 ó ti lè tú TLS. Ó ń tú kóòdù, kò sì ń ka HTTP tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà kò lè darí èrò láti pọ́ọ̀tù 80 lọ sí 443, kò lè kọ àdírẹ́sì èrò sínú àkọlé HTTP, kò sì lè béèrè ìwé-ẹ̀rí tó ń sọ ẹni tí oníbàárà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti lo apínṣẹ́ ìpele keje rí, tó wá ń retí nǹkan wọ̀nyí lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò wá wọn títí. Iyara àti agbára láti gba èrò rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Nígbà tí odi ṣì yí àwọn ìlú Yorùbá ká, oníbodè ló ń dúró lẹ́nu ibodè, gbogbo ẹrù tó ń wọ̀lú ló sì ń kọjá níwájú rẹ̀. Ó lè jẹ́ kí ẹrù wọlé bí ẹni tó ni ín ṣe dì í. Ó lè tú u, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì rù ú wọlé ní títú. Ó sì lè tú u, kí ó tún fi okùn tirẹ̀ dì í kí ó tó jẹ́ kó kọjá. Ọ̀nà mẹ́ta yìí náà ni apínṣẹ́ lè gbà ṣe sí SSL.

Nínú ọ̀nà kìíní, apínṣẹ́ kì í fọwọ́ kan kóòdù rárá. Ó ń gba ìsopọ̀ TCP ní pọ́ọ̀tù 443, ó sì ń darí rẹ̀ sí sáfà bó ṣe wà. Lọ́dọ̀ sáfà ni ìwé-ẹ̀rí tó ń jẹ́rìí wẹ́bsáìtì àti kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ wà, ibẹ̀ nìkan sì ni ọ̀rọ̀ ti ń di kíkà. Ohun tí apínṣẹ́ lè rí ka kò ju orúkọ wẹ́bsáìtì tí èrò ń wá lọ, nítorí pé àfikún kan tó ń jẹ́ SNI, tí IETF ti kọ sílẹ̀ láti 2003, ń mú kí búráúsà sọ orúkọ náà ní gbangba nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀. HAProxy tó wà ní `mode tcp` lè dúró de ọ̀rọ̀ àkọ́sọ yìí, kí ó fi `req.ssl_sni` ka orúkọ náà, kí ó sì pín èrò láì ní kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́. Ọ̀nà yìí ló yẹ jù níbi tí òfin tàbí àdéhùn ti sọ pé ẹni àárín kò gbọ́dọ̀ rí nǹkan, àti níbi tí sáfà fúnra rẹ̀ fẹ́ yẹ ìwé-ẹ̀rí oníbàárà wò. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní owó orí tirẹ̀. Apínṣẹ́ tí kò rí inú ọ̀rọ̀ kò lè fi kúkì so èrò mọ́ sáfà kan, kò lè dènà ìbéèrè burúkú, bí sáfà bá sì ń dá gbogbo èrò lóhùn pẹ̀lú àṣìṣe 500, lójú tirẹ̀ nǹkan ń lọ déédéé.

Ọ̀nà kejì, kí apínṣẹ́ tú kóòdù kí ó sì fi HTTP lásán ránṣẹ́ sí sáfà, ló wọ́pọ̀ jù. Ìdí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá ni pé ìṣirò kóòdù wúwo, pé ó yẹ kí a gbé e kúrò lọ́rùn sáfà. Ìdí yìí lágbára nígbà kan, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ra káàdì àkànṣe tí yóò máa ṣe ìṣirò náà. Kò lágbára mọ́. Ní oṣù kìíní 2010 Google sọ Gmail di HTTPS fún gbogbo ẹni tó ń lò ó láì jẹ́ pé wọ́n béèrè, Adam Langley tó jẹ́ ẹnjiníà wọn sì ṣàlàyé lọ́dún náà pé SSL kò gbà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára CPU àwọn sáfà tó ń gba èrò, pé wọn kò sì ra ẹ̀rọ kankan kún un. Ẹni tó bá ṣì ń torí ìwúwo ìṣirò yan ọ̀nà yìí lónìí ń gbé ọ̀rọ̀ àná kiri.

Àwọn ìdí tó dúró ni pé ìwé-ẹ̀rí yóò wà lójú kan dípò kí ó fọ́n káàkiri orí ogún sáfà, pé apínṣẹ́ yóò lè ka HTTP, àti pé ibi tí a ti tú kóòdù lè sún mọ́ èrò. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kan ẹni tó ń gbé Nàìjíríà gan-an. Okùn MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gba abẹ́ òkun láti Pọtogí dé Èkó, ó sì tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú irú okùn bẹ́ẹ̀ ń rìn ní nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kan kò lè yá ju 70 mílísẹ́kọ́ǹdù lọ, bó ti wù kí ẹ̀rọ yá tó. TCP nílò àlọ-àbọ̀ kan, TLS 1.2 nílò méjì sí i kí ìfẹnukò, ìjíròrò tí èrò àti sáfà fi ń ṣètò kóòdù, tó parí: ìyẹn 210 mílísẹ́kọ́ǹdù kí èrò tó lè béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ sáfà tó wà ní Yúróòpù. TLS 1.3 dín in kù sí 140, nítorí àlọ-àbọ̀ kan péré ló ń gbà. Bí apínṣẹ́ tó ń tú kóòdù bá wà ní Èkó, àárín ìlú ni gbogbo ìfẹnukò yìí ti máa parí, ìsopọ̀ tí apínṣẹ́ ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí Yúróòpù ni ìbéèrè yóò sì gbà kọjá.

Ètò rẹ̀ kò gùn. Nínú HAProxy, ìlà `bind :443 ssl crt` tí ọ̀nà fáìlì tẹ̀ lé ló ń ṣí ẹnu ọ̀nà náà, `mode http` ló ń jẹ́ kó ka ọ̀rọ̀, ìlà `server` kọ̀ọ̀kan ló sì ń dárúkọ àwọn sáfà tó wà lẹ́yìn. Inú fáìlì ìwé-ẹ̀rí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ìwé-ẹ̀rí wẹ́bsáìtì àti ìwé-ẹ̀rí àwọn aláṣẹ àárín tó so ó mọ́ aláṣẹ àgbà ní láti wà níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé ìwé àárín, búráúsà orí kọ̀ǹpútà alákòóso lè ṣí wẹ́bsáìtì náà nítorí pé ó ti rí ìwé yẹn níbòmíràn rí, nígbà tí ètò orí fóònù oníbàárà á kọ̀ jálẹ̀. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kó àwọn oníṣẹ́ lọ́kàn sókè, torí pé gbogbo ohun tí wọ́n bá yẹ̀ wò lọ́dọ̀ tiwọn ló dára.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ohun tí sáfà mọ̀. Nígbà tí kóòdù bá ti parí lọ́dọ̀ apínṣẹ́, sáfà rò pé HTTP lásán ni èrò ń bá òun sọ, ó sì rò pé apínṣẹ́ ni èrò kan ṣoṣo tí òun ní. Ìrònú kìíní ló ń bí àyíká tí kì í tán: sáfà rí HTTP, ó ní kí èrò lọ sí HTTPS, èrò lọ sí HTTPS, apínṣẹ́ tú u, sáfà tún rí HTTP, ó tún lé e padà, títí búráúsà fi máa jáwọ́. Oògùn rẹ̀ ni kí apínṣẹ́ kọ `X-Forwarded-Proto: https` sínú àkọlé, kí wọ́n sì sọ fún ètò orí sáfà pé kí ó gbà á gbọ́. Fún ìrònú kejì, `X-Forwarded-For` ló ń gbé àdírẹ́sì èrò dé ọ̀dọ̀ sáfà. IETF kọ ìlànà tó mọ́ jù ú lọ, Forwarded, ní 2014, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni gbogbo ayé ṣì ń lò.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò. Èrò fúnra rẹ̀ lè kọ `X-Forwarded-For` sínú ìbéèrè rẹ̀, kí ó fi àdírẹ́sì tó bá wù ú síbẹ̀. `option forwardfor` ti HAProxy ń fi tirẹ̀ kún un ni, kì í pa èyí tó ti wà níbẹ̀ rẹ́. Bí sáfà bá wá ń ka èyí àkọ́kọ́, tí ó sì ń lò ó láti mọ ẹni tó lè wọ ojú-ewé alákòóso, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Apínṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pátápátá ní láti nu ohun tó ti ìta wá nù kó tó kọ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú ọ̀nà kejì ni ti ìrìn àárín apínṣẹ́ sí sáfà, níbi tí ohun gbogbo ti wà ní gbangba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdáhùn àwọn oníṣẹ́ ni pé inú ilé nìyẹn, pé kò sí àjèjì níbẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá 2013 ló fi hàn bí ìdáhùn yẹn ṣe lálẹ̀bù tó. Lọ́jọ́ náà, ìwé ìròyìn Washington Post gbé àwọn ìwé kan jáde nínú èyí tí Edward Snowden tú síta, nípa iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ MUSCULAR, tí àjọ amí NSA ti Amẹ́ríkà àti GCHQ ti Ìlú Ọba jọ ń ṣe. Wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lórí okùn tó so àwọn ibùdó sáfà Google pọ̀ mọ́ra, àti ti Yahoo. Àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà wà lára àwọn ìwé náà: íntánẹ́ẹ̀tì lápá kan, ibùdó Google lápá kejì, sáfà ẹnu ọ̀nà Google láàárín wọn. Ọfà kan tọ́ka sí sáfà náà, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi SSL sí i, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Wọ́n ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò sẹ́ni tó já kóòdù Google. Wọ́n kàn lọ dúró lẹ́yìn ibi tí kóòdù ti parí. Google ti ń fi ọ̀rọ̀ àárín ibùdó rẹ̀ sínú kóòdù kí ìròyìn náà tó jáde, wọ́n sì yára parí rẹ̀. Oṣù kọkànlá 2013 ni Yahoo náà kéde pé àwọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà kẹta ti gbilẹ̀: kí apínṣẹ́ tú kóòdù, kí ó ka ohun tó yẹ kí ó kà, kí ó sì tún dá ìsopọ̀ TLS tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú sáfà. Ìwé-ẹ̀rí ẹ̀yìn kò ní láti ti ọwọ́ aláṣẹ tí gbogbo ayé mọ̀ wá. Ilé-iṣẹ́ lè dá aláṣẹ tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń tàn àwọn èèyàn jẹ ni yíyẹ ìwé-ẹ̀rí yẹn wò. Fífi ọ̀rọ̀ sínú kóòdù láì mọ ẹni tó ń gbà á ń dènà ẹni tó ń fetí kọ́ nìkan. Kò lè dènà ẹni tó bá gba ipò sáfà. NGINX kì í yẹ ìwé-ẹ̀rí sáfà ẹ̀yìn wò àfi bí wọ́n bá tan `proxy_ssl_verify`, èyí tó wà ní pípa láti ilé. HAProxy lòdì sí i: bí `ssl` bá ti wà lórí ìlà `server`, ó ń béèrè `ca-file`, àfi kí alákòóso fọwọ́ ara rẹ̀ kọ `verify none`. Ti HAProxy ló dára jù, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tó léwu ní láti kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn apínṣẹ́ Amazon kì í yẹ ìwé-ẹ̀rí sáfà ẹ̀yìn wò, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba nínú ìwé àlàyé wọn. Ẹni tó ń lò wọ́n ní láti mọ̀ pé ààbò tó kù wà lọ́wọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ṣe rí.

Nínú ọ̀nà kìíní, àti pẹ̀lú apínṣẹ́ tí kì í ka HTTP, kò sí àkọlé tí èèyàn lè kọ àdírẹ́sì èrò sí. Ìṣòro yìí ni Willy Tarreau yanjú ní 2010 pẹ̀lú PROXY protocol. Ìlà kan ṣoṣo ni apínṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ èrò tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ náà PROXY, irú IP, àdírẹ́sì èrò, àdírẹ́sì tí ó kàn sí, àti pọ́ọ̀tù méjèèjì. Nítorí pé ìlà náà ń ṣáájú TLS fúnra rẹ̀, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú kóòdù. Ẹ̀dà kejì rẹ̀ ń gbé ìmọ̀ kan náà ní èdè ẹ̀rọ dípò lẹ́tà, òun sì ni Network Load Balancer ti Amazon ń lò. Apá méjèèjì ní láti fẹnu kò: bí apínṣẹ́ bá ń fi ìlà yìí ránṣẹ́ tí sáfà kò retí rẹ̀, sáfà á rí ohun tí kò jọ TLS, á sì já ìsopọ̀; bí sáfà bá ń retí rẹ̀ tí kò dé, ìyẹn náà á bàjẹ́. `send-proxy-v2` lórí ìlà `server` HAProxy bá `proxy_protocol` lórí ìlà `listen` NGINX mu. Àdírẹ́sì apínṣẹ́ nìkan ni kí sáfà gba ìlà yìí lọ́wọ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irọ́ tí èèyàn lè pa nínú `X-Forwarded-For` á tún rí ọ̀nà wọlé.

Ìwé-ẹ̀rí kò pẹ́ láyé mọ́. Láti oṣù kẹsàn-án 2020 títí di oṣù kẹta 2026, ìwé-ẹ̀rí wẹ́bsáìtì kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 398 lọ. Ní oṣù kẹrin 2025, CA/Browser Forum, níbi tí àwọn aláṣẹ ìwé-ẹ̀rí àti àwọn tó ń ṣe búráúsà ti ń pàdé, dìbò pé kí ó di ọjọ́ 200 láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2026, ọjọ́ 100 láti oṣù kẹta 2027, àti ọjọ́ 47 láti oṣù kẹta 2029. Ọwọ́ ènìyàn kò lè máa pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ní láti máa ṣe é. Let's Encrypt, tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kejìlá 2015, ló sọ èyí di ohun tí kò náni lówó. Ṣùgbọ́n apínṣẹ́ lè dí i lọ́wọ́. Aláṣẹ náà máa ń wá gba ẹ̀rí ní pọ́ọ̀tù 80, lábẹ́ `/.well-known/acme-challenge/`; bí apínṣẹ́ bá darí rẹ̀ sí sáfà tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rí náà, ìwé-ẹ̀rí kò ní jáde. Kí apínṣẹ́ máa darí ọ̀nà yìí sí ojú kan ṣoṣo, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rí sínú DNS, ló lè yanjú rẹ̀.

Kíkó kọ́kọ́rọ́ jọ sójú kan ń mú iṣẹ́ rọrùn, ó sì ń kó ewu jọ pẹ̀lú. Heartbleed, àbùkù inú ètò OpenSSL tí aráyé gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 2014, ń jẹ́ kí ará ìta ka tó 64 kìlóbáìtì nínú iyè ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ sì lè wà nínú ohun tó bá kà. Apínṣẹ́ tó di kọ́kọ́rọ́ ọgọ́rùn-ún wẹ́bsáìtì mú lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù gbogbo wọn. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Cloudflare gbé Keyless SSL jáde fún àwọn báńkì àti irú wọn: kọ́kọ́rọ́ kò kúrò nílé oníbàárà, apínṣẹ́ kàn ń béèrè fún ìbuwọ́lù nígbà ìfẹnukò ni.

Nípa ẹ̀dà TLS, `ssl-min-ver TLSv1.2` nínú HAProxy ni ó kéré jù tó bójú mu. Níbi tí apínṣẹ́ bá ju ẹyọ kan lọ, kọ́kọ́rọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tí èrò tó ń padà wá fi ń gé ìfẹnukò kúrú ní láti jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo wọn, kí ó sì máa yí padà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, èrò tó padà wá tó bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn yóò bẹ̀rẹ̀ ìfẹnukò látìbẹ̀rẹ̀. TLS 1.3 tún gbà kí èrò tó ti wá rí fi ìbéèrè ránṣẹ́ kí ìfẹnukò tó parí. Iyara rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà lè tún un fi ránṣẹ́. Kò yẹ ní tòsí ohunkóhun tó ń gbé owó láti àpò kan sí òmíràn.

Yíyẹ ètò wò ló kù. `openssl s_client -connect` pẹ̀lú `-servername` ń fi ìwé-ẹ̀rí tí apínṣẹ́ gbé kalẹ̀ hàn, pẹ̀lú àwọn ìwé àárín àti ẹ̀dà TLS tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Ìta ni kí wọ́n ti ṣe é, lórí ẹ̀rọ tí kò mọ wẹ́bsáìtì náà rí. Bí orúkọ náà bá ní àdírẹ́sì IP púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí apínṣẹ́ kan lè ṣì máa fi ìwé-ẹ̀rí àná han èrò nígbà tí àwọn yòókù ti gba tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyẹ̀wò tí apínṣẹ́ fi ń mọ sáfà tó wà láàyè: pọ́ọ̀tù tó ṣí kò fi hàn pé ètò ń dáhùn, nítorí náà kí àyẹ̀wò náà gba ọ̀nà kan náà tí ìbéèrè èrò ń gbà, pẹ̀lú TLS níbi tí TLS wà, pẹ̀lú ìlà PROXY níbi tí sáfà ti ń retí rẹ̀.